Ta Ni Yóò Borí? Ìbéèrè àti Ìdáhùn fún Àwọn Tó Ń Wo Bọ́ọ̀lù Alápẹ̀rẹ̀ Yunifásítì Amẹ́ríkà

Bí oṣù Kẹta bá ti ń wọlé, ìbéèrè kan náà ni àwọn ará wa ní Houston, Chicago, Maryland, London àti Èkó máa ń bi mí. Mo kó wọn jọ síbí. Ẹ̀yin tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀, ẹ mú un láti òkè. Ẹ̀yin tí eré náà ti mọ́ lára, ẹ lè fo lọ sí ìsàlẹ̀.

Kí ni ìdíje yìí gan-an?

Àjọ NCAA, tó ń ṣàkóso eré ìdárayá láàrin àwọn yunifásítì Amẹ́ríkà, ló ń ṣe é. Oṣù Kẹta ló ń bẹ̀rẹ̀, ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Kẹrin ló ń parí, March Madness sì ni tọmọdé tàgbà ń pè é. Ọdún 2011 ni iye ẹgbẹ́ ọkùnrin di 68. Ti obìnrin di 68 ní 2022. Mẹ́jọ nínú wọn a kọ́kọ́ bá ara wọn fà á kí ó lè ku 64. Láti ibẹ̀ lọ, ẹni tó bá fìdí rẹmi lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo ti ń lọ sílé nìyẹn. Ẹgbẹ́ tó bá borí lẹ́ẹ̀mẹ́fà tẹ̀léra láti orí 64 yìí ló ń gba ife.

Abala méjì ni eré ọkùnrin, ogún ìṣẹ́jú ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ti obìnrin jẹ́ abala mẹ́rin, ìṣẹ́jú mẹ́wàá-mẹ́wàá. Kò sí ọ̀mì. Bí àmì bá dọ́gba, wọ́n á fi ìṣẹ́jú márùn-ún kún un, wọ́n á tún fi márùn-ún kún un, títí ẹnì kan yóò fi yege.

Kí ló kan ọmọ Yorùbá nínú eré àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Amẹ́ríkà?

Ó kàn wá gan-an ni. Hakeem Ọlájuwọ́n, tí wọ́n bí sí Èkó ní 1963, wà nínú ẹgbẹ́ Yunifásítì Houston tó dé ìpele ẹgbẹ́ mẹ́rin tó kẹ́yìn lọ́dún mẹ́ta tẹ̀léra, 1982, 1983 àti 1984. Michael Olówókandí, tí wọ́n bí sí Èkó tó sì dàgbà ní London, gbá fún Yunifásítì Pacific kí wọ́n tó fi ṣe ẹni àkọ́mú fún líìgì NBA ní 1998. Victor Ọládiípọ̀ gbá fún Indiana, Ayọ̀ Dòsùnmú fún Illinois, Bam Adébáyọ̀ fún Kentucky. Ohun tí Àríkẹ́ Ògúnbọ̀wálé sì ṣe fún Notre Dame ní 2018, màá sọ ọ́ nísàlẹ̀, nítorí mi ò lè sọ̀rọ̀ ìdíje yìí kí n má dárúkọ rẹ̀.

Aago mélòó ni wọ́n ń gbá a ní ilé?

Amẹ́ríkà máa ń sún aago wọn síwájú ní oṣù Kẹta kí ìdíje tó bẹ̀rẹ̀. Nítorí náà, Èkó àti Kútọnu fi wákàtí márùn-ún ṣáájú New York, wọ́n fi mẹ́fà ṣáájú Houston. Lomé fi mẹ́rin ṣáájú New York. London fi mẹ́rin ṣáájú títí di ọjọ́ Àìkú tó gbẹ̀yìn oṣù Kẹta, lẹ́yìn ìyẹn ó di márùn-ún. Àṣekágbá ọkùnrin máa ń bẹ̀rẹ̀ ní nǹkan bí aago mẹ́sàn-án alẹ́ ọjọ́ Ajé ní New York: aago méjì òru ọjọ́ Ìṣẹ́gun nìyẹn l'Ékòó. Ẹ yáa sùn lọ́sàn-án.

Kí ni nọ́ńbà tí wọ́n ń kọ síwájú orúkọ ẹgbẹ́?

Ọ̀nà méjì ni ẹgbẹ́ fi ń wọlé. Ẹni tó bá gba ife líìgì tirẹ̀ wọlé tààrà. Àwọn tó kù, ìgbìmọ̀ aṣàyàn ló ń mú wọn, wọ́n sì ń kéde gbogbo rẹ̀ ní ọjọ́ Àìkú kan tí wọ́n ń pè ní Selection Sunday. Wọ́n á pín ẹgbẹ́ sí ẹkùn mẹ́rin, wọ́n á to ẹkùn kọ̀ọ̀kan láti 1 dé 16. Nọ́ńbà 1 pàdé 16, 2 pàdé 15, 3 pàdé 14. Bí ẹ bá ro nọ́ńbà méjèèjì pọ̀ ní ìpele àkọ́kọ́, 17 ni yóò máa jẹ́.

Ohun tí mo ń bẹ gbogbo èèyàn pé kí wọ́n fi sọ́kàn rèé: nọ́ńbà yẹn ń sọ bí ẹgbẹ́ ṣe ṣe sí láti oṣù Kọkànlá wá. Kò mọ ẹni tí wọ́n fẹ́ pàdé lọ́jọ́bọ̀.

Ṣé nọ́ńbà 16 lè na nọ́ńbà 1?

Ó ti ṣẹlẹ̀. Nínú ìdíje ọkùnrin, ẹ̀ẹ̀mejì péré ni láti 1985 tí wọ́n ti ń gbá a pẹ̀lú ẹgbẹ́ 64 títí di 2025. Ní 2018, UMBC láti Maryland na Virginia 74 sí 54. Ní 2023, Fairleigh Dickinson láti New Jersey na Purdue 63 sí 58. Àwọn obìnrin ti ṣe é ṣáájú wọn: Harvard na Stanford 71 sí 67 ní 1998.

Virginia kò kú síbẹ̀. Bí ẹṣin bá dá ni, gígùn là ń tún un gùn: ní 2019, ọdún tó tẹ̀ lé e, àwọn náà ni wọ́n gba ife. Purdue náà dé àṣekágbá ní 2024. Bí ẹ bá ń yan ẹni tí yóò borí, ẹ mú nọ́ńbà 1 ní ìpele àkọ́kọ́ kí ẹ sì kọjá lọ. Ibòmíràn ni iṣẹ́ wà.

Kí ló dé tí gbogbo èèyàn ń sọ̀rọ̀ 5 àti 12?

Nítorí pé bí wọ́n bá pàdé lẹ́ẹ̀mẹ́ta, nọ́ńbà 12 máa ń mú nǹkan bí ẹ̀ẹ̀kan. Ìdí rẹ̀ kò ṣòro. Nọ́ńbà 12 sábà máa ń jẹ́ ẹgbẹ́ tó gba ife líìgì kékeré, tí àwọn àgbà ọmọ tó ti jọ ń gbá a fún ọdún mélòó kan pọ̀ nínú wọn. Nọ́ńbà 5 sì lè jẹ́ ẹgbẹ́ líìgì ńlá tó kàn la àkókò náà já. Ìyàtọ̀ láàrin wọn kò tó bí nọ́ńbà ṣe fi hàn. Ní ti 8 àti 9, ọgbọọgba ni wọ́n. Ẹ má fi nọ́ńbà pinnu ohunkóhun níbẹ̀.

Orúkọ ẹgbẹ́ méjì wà níwájú mi báyìí. Kí ni kí n kọ́kọ́ wò?

Ẹ béèrè pé: níbo ni ẹgbẹ́ yìí ti ń rí àmì rẹ̀? Ṣé abẹ́ apẹ̀rẹ̀ ni, àbí òkèèrè, àbí eré sísá kí ẹ̀yìn ẹni tó to? Lẹ́yìn náà, ẹ wo ẹgbẹ́ kejì: ta ló wà níbẹ̀ tó lè dí ọ̀nà yẹn? Bí ọ̀nà yẹn bá wá dí, kí ni ẹgbẹ́ àkọ́kọ́ tún mọ̀ ọ́n ṣe? Ìbéèrè kẹta yìí ni àwọn olólùfẹ́ eré kì í béèrè, òun gan-an ló sì ń pa àwọn ẹgbẹ́ ńlá.

Ẹ wo Purdue 2023. Zach Edey ga tó ẹsẹ̀ bàtà méje àti íǹṣì mẹ́rin, òun sì ni ọ̀nà oúnjẹ wọn. Fairleigh Dickinson ló kúrú jù lọ nínú gbogbo ẹgbẹ́ Division I, ìsọ̀rí tó ga jù nínú NCAA, lọ́dún náà. Ẹni tó bá fi gíga wọ̀n ọ́n yóò ní eré ti parí. Ṣùgbọ́n abẹ́rẹ́ kéré, kì í ṣe mímì fún adìẹ. Wọ́n fi ènìyàn síwájú Edey, wọ́n fi ènìyàn sẹ́yìn rẹ̀, wọ́n ń lé àwọn ọmọ tó ń gbé bọ́ọ̀lù wá káàkiri pápá, wọ́n sì fi àwọn tó kù sílẹ̀ pé kí wọ́n máa jù láti òkèèrè. Purdue ju bọ́ọ̀lù alámì-mẹ́ta 26, márùn-ún péré ló wọlé. Edey kó àmì 21, ẹgbẹ́ rẹ̀ sì ń lọ sílé.

Èyí tó dùn mí jù ni ti Indiana ní 2013. Nọ́ńbà 1 ni wọ́n, Ọládiípọ̀ wà nínú wọn, Cody Zeller wà nínú wọn, kíkó àmì kò sì ṣòro fún wọn rárá. Wọ́n pàdé Syracuse, nọ́ńbà 4, ní ìlú Washington, tí kò jìnnà síbi tí Ọládiípọ̀ ti dàgbà ní Maryland. Syracuse kì í ṣọ́ ènìyàn, àyè ni wọ́n ń ṣọ́: méjì níwájú, mẹ́ta lẹ́yìn, gbogbo wọn ga, apá wọn gùn. Indiana kì í rí irú ẹ̀ lójoojúmọ́ nínú líìgì Big Ten. Àárín dí pátápátá. Ẹgbẹ́ tó ń kó àmì bí ẹni ń ṣẹ́ ewé kó 50 péré, Syracuse kó 61. Syracuse ni ó burú láti pàdé lọ́jọ́ náà, nọ́ńbà wọn ì bá à jẹ́ 4.

Ẹgbẹ́ kan ń kó àmì 82 nínú eré kọ̀ọ̀kan, èkejì ń kó 68. Ṣé ẹni àkọ́kọ́ kọ́ ló dáa jù ni?

Ẹ má tíì sọ bẹ́ẹ̀. Ká ní bọ́ọ̀lù ń dé ọwọ́ ẹgbẹ́ àkọ́kọ́ lẹ́ẹ̀mejìdínlọ́gọ́rin nínú eré kan nítorí pé wọ́n ń sáré, tó sì ń dé ọwọ́ èkejì lẹ́ẹ̀mejìlélọ́gọ́ta nítorí pé pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ ni tiwọn. Ẹ fi 78 pín 82, ẹ fi 62 pín 68. Ẹgbẹ́ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ ló ń rí àmì tó pọ̀ jù nínú ìgbà kọ̀ọ̀kan tí bọ́ọ̀lù bá dé ọwọ́ wọn. Ìdí nìyẹn tí àwọn tó mọ̀ ọ́n fi ń ka àmì lórí ọgọ́rùn-ún ìgbà tí bọ́ọ̀lù bá dé ọwọ́, kì í ṣe lórí eré kan.

Ìyára náà tún ní ọ̀rọ̀ mìíràn nínú. Ẹni tó bá mọ ayò ọlọ́pọ́n mọ̀ pé òpè lè rí ọ̀ta mú lẹ́ẹ̀kan. Bí wọ́n bá ta á lẹ́ẹ̀mẹ́wàá, ọ̀ta yóò fi hàn án pé ọ̀ta ni òun. Bẹ́ẹ̀ náà ni níbí. Bí ìgbà tí bọ́ọ̀lù ń dé ọwọ́ bá ṣe pọ̀ tó ni ẹgbẹ́ tó dáa jù ṣe ń ráyè fi agbára rẹ̀ hàn. Bí ẹgbẹ́ kékeré bá mọ bí a ti ń fa eré, tó ń lo aago 30 ìṣẹ́jú àáyá tí ẹgbẹ́ gbọ́dọ̀ ju bọ́ọ̀lù kó tó tán, títí yóò fi kù díẹ̀ kó dún, àǹfààní rẹ̀ láti ṣe ohun ìyanu pọ̀ sí i. Ṣùgbọ́n ó lè ta padà sí ẹgbẹ́ ńlá tó bá ń fa eré. Virginia ọdún 2018 ń gbá pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, àmì sì dọ́gba ní 21 sí 21 nígbà ìsinmi. Nígbà tí UMBC bẹ̀rẹ̀ sí í sá lọ, Virginia kò mọ eré sáré tí wọ́n lè fi lé wọn bá.

KenPom, NET: èwo ni kí n gbà gbọ́?

NET ni NCAA fúnra rẹ̀ ń lò láti àkókò 2018-19 kí ìgbìmọ̀ lè mọ ẹni tó yẹ kó wọlé. KenPom, tí Ken Pomeroy ń ṣe, ń wọn agbára iwájú (kíkó àmì) àti ẹ̀yìn (dídí ẹlòmíràn lọ́wọ́) ẹgbẹ́ lórí ọgọ́rùn-ún ìgbà tí bọ́ọ̀lù bá dé ọwọ́, ó sì ń ro agbára àwọn tí wọ́n ti bá pàdé mọ́ ọn. Fún ìpàdé ẹgbẹ́ méjì, KenPom ni mo máa ń ṣí. Mi ò kí í wo ipò wọn lápapọ̀ níbẹ̀. Mo máa ń wo iwájú sí ẹ̀yìn: ìjù wọn sí ìdíwọ́ tiwa, bọ́ọ̀lù tí wọ́n ń sọ nù sí bọ́ọ̀lù tí a ń já gbà.

Ẹ fi ojú yín wo eré wọn méjì ó kéré tán kún un. Nọ́ńbà kò mọ̀ pé ọmọ tó ń gbé bọ́ọ̀lù wá ti rọ́ lọ́rùn ẹsẹ̀ lánàá.

Kí ló dé tí bọ́ọ̀lù ọ̀fẹ́, èyí tí ẹni tí wọ́n ṣe fáọ̀lù sí ń dá jù láìsí ẹni tó ń dí i, fi ṣe pàtàkì tó bẹ́ẹ̀?

Nítorí ọjọ́ kẹrin oṣù Kẹrin, 1983.

Houston wọ àṣekágbá ní Albuquerque lẹ́yìn tí wọ́n ti borí lẹ́ẹ̀mọ́kànlélọ́gbọ̀n, tí wọ́n pàdánù lẹ́ẹ̀mejì péré. Eré 26 tó gbẹ̀yìn, kò sí ẹni tó nà wọ́n. Ọlájuwọ́n wà lábẹ́ apẹ̀rẹ̀, Clyde Drexler ń fò lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, "Phi Slama Jama" ni ìnagijẹ wọn. North Carolina State, nọ́ńbà 6, ti pàdánù lẹ́ẹ̀mẹ́wàá lọ́dún náà. Ẹni tó fi orúkọ wò ó ti gbé ife fún Houston kí wọ́n tó ju bọ́ọ̀lù sókè.

Ẹ wá wo inú eré náà. Drexler ti ṣe fáọ̀lù mẹ́rin kí abala kìíní tó parí. Márùn-ún ló ń lé èèyàn jáde. Albuquerque ga ju òkun lọ ní ohun tó lé ní mítà 1,500, èémí sì máa ń wọ́n ènìyàn níbẹ̀. Lẹ́yìn ìsinmi, Houston jí, wọ́n kó àmì 17 nígbà tí State kó méjì, ó di 42 sí 35. Níbẹ̀ ni wọ́n ti dẹ ẹsẹ̀ eré. Kò tíì sí aago ìjùbọ́ọ̀lù nígbà náà, àkókò 1985-86 ló dé, wọ́n sì lérò pé àkókò ni yóò pa ẹgbẹ́ kejì. Kóòṣì Jim Valvano wá ní kí àwọn ọmọ rẹ̀ máa mọ̀ọ́mọ̀ ṣe fáọ̀lù, kí Houston máa lọ sídìí bọ́ọ̀lù ọ̀fẹ́. Ó mọ ohun tó ń ṣe. Houston ju 19, mẹ́wàá péré ló wọlé. Ó di 52 sí 52. Ní ìparí, Dereck Whittenburg ju bọ́ọ̀lù láti òkèèrè, kò dé ibi irin, Lorenzo Charles gbà á lójú òfuurufú, ó sọ ọ́ sínú àwọ̀n. 54 sí 52.

Ọlájuwọ́n kó àmì 20, ó mú bọ́ọ̀lù 18 tó ta padà. Òun ni wọ́n fi ṣe akọni ìdíje náà bó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹgbẹ́ rẹ̀ pàdánù, kò sì sí ọkùnrin mìíràn láti ẹgbẹ́ tó pàdánù tí wọ́n ti ṣe bẹ́ẹ̀ fún láti ìgbà náà. Ọmọ wa ṣe é dójú àmì. Bọ́ọ̀lù ọ̀fẹ́ mẹ́sàn-án tó já sófo ló gba ife lọ́wọ́ wọn. Nítorí náà, kí ẹ tó mú ẹgbẹ́ kankan nínú eré tó lè fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba, ẹ wo bí àwọn tó ń di bọ́ọ̀lù mú ní ìṣẹ́jú méjì tó gbẹ̀yìn ṣe ń ju ọ̀fẹ́ sí. Àwọn yẹn gan-an ni kí ẹ wò, kì í ṣe àròpọ̀ ẹgbẹ́. Nínú eré ọkùnrin, láti orí fáọ̀lù keje dé ìkẹsàn-án ẹgbẹ́ kan nínú abala kan, ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ gbọ́dọ̀ ju ẹyọ kan wọlé kó tó lè ju èkejì. Ẹsẹ̀ tó gbọ̀n níbẹ̀ ti sọ àǹfààní méjì nù.

Ẹgbẹ́ tó ń gbójú lé bọ́ọ̀lù alámì-mẹ́ta, ṣé ó ṣe é fọkàn tán?

Ó ṣe é bẹ̀rù, kò ṣe é fọkàn tán. UMBC ju 24 lọ́jọ́ tí wọ́n na Virginia, 12 wọlé. Virginia ju 22, mẹ́rin wọlé. Kò sí kóòṣì tó lè pàṣẹ irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀. Bí ẹgbẹ́ yín bá jẹ́ ẹgbẹ́ kékeré, inú yín ni kó dùn pé wọ́n ń jù láti òkèèrè. Bí ẹ bá jẹ́ ẹgbẹ́ ńlá tí gbogbo ìrètí rẹ̀ wà níbẹ̀, ẹ má retí pé kí wọ́n borí lẹ́ẹ̀mẹ́fà tẹ̀léra láìsí alẹ́ kan tí irin yóò kọ̀ fún wọn.

Ẹgbẹ́ wa ti na àwọn wọ̀nyí lẹ́ẹ̀mejì lọ́dún yìí. Ṣé òótọ́ ni pé ẹlẹ́ẹ̀kẹta máa ń ṣòro?

Ẹgbẹ́ tó nà yín lẹ́ẹ̀mejì sábà máa ń dáa jù yín lọ, kò sí àṣírí kankan nínú ìyẹn. Ṣùgbọ́n ẹ wo bí wọ́n ṣe borí. Georgetown na Villanova lẹ́ẹ̀mejì kí wọ́n tó pàdé ní àṣekágbá 1985, èrè rẹ̀ kò sì pọ̀ nígbà méjèèjì. Lálẹ́ àṣekágbá, Villanova ju bọ́ọ̀lù 28, 22 wọlé, wọ́n sì borí 66 sí 64. Nọ́ńbà 8 ni wọ́n, kò sì sí ẹgbẹ́ tí nọ́ńbà rẹ̀ jìnnà jù bẹ́ẹ̀ tó gba ife rí.

Bí ẹ bá ti fi àmì 20 nà wọ́n nígbà méjèèjì, ẹ sinmi. Bí ó bá jẹ́ pé àmì mẹ́ta tàbí mẹ́rin ni, ẹ kà á sí pé ẹ kò tíì pàdé.

Ẹgbẹ́ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gba ife líìgì rẹ̀ ń gbóná. Ṣé kí n mú un?

Ẹ béèrè ohun tó yí padà. UConn borí lẹ́ẹ̀márùn-ún ní ọjọ́ márùn-ún nínú líìgì Big East ní 2011, Kemba Walker níwájú, wọ́n sì lọ gba ife orílẹ̀-èdè. North Carolina State ṣe irú ẹ̀ nínú líìgì ACC ní 2024: ẹ̀ẹ̀márùn-ún ní ọjọ́ márùn-ún. Wọ́n wọlé pẹ̀lú nọ́ńbà 11, wọ́n sì dé ipò mẹ́rin tó kẹ́yìn. Kò sí ẹni tó rí ìdáhùn fún DJ Burns lábẹ́ apẹ̀rẹ̀ títí wọ́n fi pàdé Edey ti Purdue. Èyí ni ìgbóná tí mo ń gbà gbọ́, ti ẹgbẹ́ tó rí ọ̀nà tuntun kan. Bí ó bá jẹ́ pé bọ́ọ̀lù òkèèrè ló kàn ń wọlé fún ọ̀sẹ̀ kan, yóò tutù.

Ẹni tó fara pa ńkọ́?

Ẹ wò ó kí ẹ tó wo ohunkóhun mìíràn. Stanford tí Harvard nà ní 1998 ti pàdánù méjì nínú àwọn ọ̀gá wọn, Kristin Folkl àti Vanessa Nygaard, sí orúnkún kí eré náà tó dé. De'Andre Hunter ti Virginia kò gbá rárá nínú ìdíje 2018 nítorí ọrùn ọwọ́ rẹ̀ tó kán. Òun ló sì kó àmì jù lọ ní àṣekágbá nígbà tí wọ́n gba ife lọ́dún kejì. Nọ́ńbà ẹgbẹ́ méjèèjì kò yí padà, ẹgbẹ́ fúnra rẹ̀ ti yí padà.

Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n sọ ti Àríkẹ́. Notre Dame pàdánù ọmọ mẹ́rin sí orúnkún tó já ní àkókò 2017-18. Wọ́n dé ipò mẹ́rin tó kẹ́yìn pẹ̀lú ìwọ̀nba tó ṣẹ́ kù, wọ́n pàdé UConn tí ẹnikẹ́ni kò tíì nà lọ́dún náà, tó sì ti nà wọ́n ní oṣù Kejìlá. Eré wọ àfikún àsìkò. Ó ku ìṣẹ́jú àáyá kan, Ògúnbọ̀wálé jù ú, 91 sí 89. Ní ọjọ́ méjì lẹ́yìn náà, ọjọ́ kìíní oṣù Kẹrin, wọ́n pàdé Mississippi State, ó tún jù ú láti apá ọ̀tún nígbà tí aago ń kú lọ, alámì-mẹ́ta, 61 sí 58. Ife di tiwọn. Nígbà tí ẹ bá ń ka iye àwọn tó fara pa, ẹ tún ka àwọn tó ṣẹ́ kù.

Ṣé ìrìn àjò àti ibi ìgbábọ́ọ̀lù já mọ́ nǹkan?

Nínú ti obìnrin, ó já mọ́ nǹkan púpọ̀: ẹgbẹ́ 16 tó ga jù ló ń gba àlejò nínú ilé tiwọn ní ìpele méjì àkọ́kọ́. Nínú ti ọkùnrin, ibi tí kì í ṣe ilé ẹnikẹ́ni ni, ṣùgbọ́n ìgbìmọ̀ máa ń gbé àwọn tí nọ́ńbà wọn ga sí ibi tó súnmọ́ ilé wọn.

Èyí tó ṣe pàtàkì jù ni ìsinmi. Láàrin ìpele kìíní àti ìkejì, ọjọ́ kan ṣoṣo ló wà. Ẹgbẹ́ tó bá ní àṣà tó ṣàjèjì, bíi ṣíṣọ́ àyè dípò ènìyàn, tàbí lílé bọ́ọ̀lù káàkiri pápá, máa ń léwu jù ní ìpele kejì, nítorí pé ẹni tó fẹ́ pàdé wọn kò ráyè fi í dánra wò.

Ẹ̀gbọ́n mi ní owó ti pa àwọn ẹgbẹ́ kékeré. Ṣé òótọ́ ni?

Ẹ̀gbọ́n yín rí nǹkan. Láti 2021 ni àwọn ọmọ ti lè gba owó lórí orúkọ wọn, wọ́n sì lè kúrò ní yunifásítì kan lọ sí òmíràn láìjókòó fún ọdún kan. Ọmọ tó bá tàn ní líìgì kékeré lọ́dún yìí, líìgì ńlá ni ẹ ó ti rí i lọ́dún tó ń bọ̀. Ní 2025, gbogbo ẹgbẹ́ 16 tó kù lẹ́yìn ìpele kejì ọkùnrin wá láti líìgì mẹ́rin péré: SEC, Big Ten, Big 12 àti ACC. Àwọn nọ́ńbà 1 mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ló sì dé ìpele mẹ́rin tó kẹ́yìn, èyí tí kò ṣẹlẹ̀ láti 2008.

Ó dùn mí. Saint Peter's, yunifásítì kékeré kan ní Jersey City, na Kentucky ní 2022 pẹ̀lú nọ́ńbà 15, wọ́n sì dé ẹgbẹ́ mẹ́jọ tó kù. Irú ẹgbẹ́ bẹ́ẹ̀ nílò ọdún mẹ́ta tàbí mẹ́rin papọ̀. Nítorí náà, ẹ ṣì lè mú nọ́ńbà 12 kan tàbí 11 kan ní ìpele àkọ́kọ́, ṣùgbọ́n ẹ ro ó dáadáa kí ẹ tó gbé e kọjá ìpele kejì.

Ṣé ẹnì kan ti mú gbogbo eré náà tọ̀nà rí?

A kò tíì rí ẹ̀rí ẹnì kankan. Eré 63 ni. Bí èèyàn bá kàn ń mú un láìwò, ọ̀nà tó ṣeé ṣe kó gbà jẹ́ 9,223,372,036,854,775,808, ẹyọ kan ṣoṣo ló sì tọ̀nà. Ẹni tó lọ jìnnà jù nínú èyí tí wọ́n lè fìdí rẹ̀ múlẹ̀ mú 49 àkọ́kọ́ tọ̀nà ní 2019.

Ṣé kí n fi owó sí i?

Rárá. Ọmọ akẹ́kọ̀ọ́ ni wọ́n, àwọn tó pàdánù tẹ́tẹ́ sì ti sọ bíbú wọn lórí íntánẹ́ẹ̀tì di àṣà. Ẹ ṣe brákẹ́ẹ̀tì, ìwé tí ẹ fi ń yan ẹni tí yóò borí nínú gbogbo eré, láàrin ẹbí, kí ẹni tó borí jẹ ẹran tó tóbi jù.

Ẹgbẹ́ mi ni Houston. Báwo ni mo ṣe lè wọn eré wọn láìfi ìfẹ́ bo ojú?

Ó ṣòro fún èmi náà. Títí di àṣekágbá 2025, Houston kò gba ife náà rí. Lálẹ́ ọjọ́ yẹn ní San Antonio, wọ́n fi àmì 12 ṣáájú Florida ní abala kejì. Gbogbo ohun tí a mọ̀ wọ́n mọ́ wà níbẹ̀: ẹ̀yìn tó le bí àpáta, eré pẹ̀lẹ́, bọ́ọ̀lù tó ta padà tí wọ́n ń já gbà. Ohun tí a kò fẹ́ wò ni pé eré pẹ̀lẹ́ máa ń jẹ́ kí ẹni tó wà lẹ́yìn wà nítòsí. Florida ń dín in kù díẹ̀díẹ̀. Nígbà tí ó kẹ́yìn, tí bọ́ọ̀lù wà lọ́wọ́ Houston, wọn kò rí i jù rárá. 65 sí 63.

Àwọn ará Illinois mọ irú ìrora yìí. Ní 2021, Dòsùnmú àti nọ́ńbà 1 wọn pàdé Loyola Chicago, nọ́ńbà 8. Ọ̀pọ̀ ń wo Dòsùnmú nìkan. Ẹni tó bá wo Loyola ì bá ti rí i pé ẹ̀yìn wọn wà lára àwọn tó le jù lọ ní gbogbo orílẹ̀-èdè, àti pé Cameron Krutwig, géńdé abẹ́ apẹ̀rẹ̀ wọn, mọ bọ́ọ̀lù pín bí ẹni tó ń darí eré. 71 sí 58 ni wọ́n nà wọ́n.

Ohun tí mo ń ṣe nísinsìnyí ni pé mo máa ń mú bébà, kí n tó kọ ìdí kan ṣoṣo tí Houston yóò fi borí, mo máa ń kọ ọ̀nà mẹ́ta tí ẹgbẹ́ kejì lè gbà nà wá, pẹ̀lú orúkọ ọmọ tí yóò ṣe é. Bí mi ò bá rí orúkọ mẹ́ta kọ, mo mọ̀ pé mi ò tíì wo ẹgbẹ́ kejì, mo sì máa ń padà lọ wo eré wọn.